Dáàmù alámọ̀ tí bàbá wa ṣe sóko: ṣé ó ń gba abúlé lọ́wọ́ omíyalé àbí òun gan-an ni ewu?

ỌmọOko_Ìwó
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹbí wa àti àwọn ará abúlé, mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé. Bàbá wa olóògbé ló ṣe dáàmù sóko wa lápá Ìwó, nǹkan bíi 1986, katapílà ni wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ jọ dí odò kékeré kan tó gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Yẹ̀pẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, kò sí kọnkéré kankan níbẹ̀, páìpù irin kan ṣoṣo ló gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ kọjá, ó sì ti pẹ́ tí fáàfù ẹ̀ ti dípẹtà. Gíga ògiri náà á tó ẹsẹ̀ bàtà 15, omi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á fẹ̀ tó éékà mẹ́rin. Nígbà ayé bàbá, màlúù ń mu níbẹ̀, wọ́n sì ń fi bomi rin ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní báyìí ẹja ló kù níbẹ̀, àbúrò bàbá mi ló ń mójú tó o.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Tí ẹ bá tọ odò yẹn lọ sísàlẹ̀, kò ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, ẹ máa kan abúlé kan, ilé bíi ogójì, mọ́ṣáláṣí kan, àti kọ́fátì tí gbogbo wa ń gbà dé ojú títì. Òjò ńlá kan rọ̀ nínú oṣù kẹfà, omi wá ga débi pé ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló kù kó gorí ògiri kọjá. Baálẹ̀ àtàwọn àgbà abúlé wá bá wa nílé, wọ́n ní ká gé dáàmù yẹn kí odò máa lọ bó ṣe ń lọ láyé àtijọ́. Àbúrò bàbá mi fárígá, ó ní dáàmù yẹn ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ omíyalé látọjọ́ yìí, pé bí kò bá sí i ni, odò ì bá ti gbé kọ́fátì yẹn lọ. Ní báyìí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń sọ ọ́ kiri pé tá ò bá gé e, àwọn á gbé ṣọ́bìrì wá gé e fúnra àwọn.

Ṣé òótọ́ ni pé irú dáàmù kékeré báyìí máa ń dín omíyalé kù? Ká gé e ni àbí ká tún un ṣe? Kí la lè ṣe báyìí báyìí? Igi máńgòrò méjì àti mẹ̀láínà mélòó kan wà lórí ògiri náà o, ẹsẹ̀ ẹ̀ lápá abúlé sì máa ń rin gbindingbindin, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

ÌyáẸlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Ẹ má gé nǹkan kan o. Ẹ mọ iye tí èèyàn máa ná kó tó rí dáàmù éékà mẹ́rin gbẹ́ lóde òní? Dísù tí katapílà máa mu nìkan tó sọ èèyàn di onígbèsè. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sórí ògiri yẹn, ẹ gbé e ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, omi ò ní rí orí ẹ̀ gùn mọ́, gbogbo ẹ̀ parí.

Ará_Apẹ̀tẹ̀
Ẹ gé e, ẹ jọ̀ọ́. Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbé, 26 oṣù kẹjọ 2011 ṣojú mi kòró. Àwọn tó kú n'Íbàdàn lọ́jọ́ yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún, odò Ọ̀nà kún bo dáàmù Eléyelé, afárá lọ, a ò lè lọ a ò lè bọ̀. Dáàmù ìjọba sì lèyẹn o, tí wọ́n ti kọ́ láti 1942, tó ní ẹnjiníà, tó ní ọ́fíìsì. Tí tìjọba bá ṣe báyẹn, kí ni ti ẹbí kan tí fáàfù ẹ̀ ti dípẹtà máa ṣe? Ẹ̀mí èèyàn ju ẹja lọ.

Ẹnjiníà_Omi
Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ dáàmù kéékèèké ni mò ń ṣe, pàápàá ti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí.

Àbúrò bàbá yín ò parọ́ tán, àwọn ará abúlé náà ò parọ́. Kí dáàmù tó lè gba omíyalé dúró, ó gbọ́dọ̀ ní àyè tó ṣófo nínú. Korobá tó ti kún dẹ́nu ò lè gba omi kún un mọ́, ohun tẹ́ ẹ bá dà sí i, ilẹ̀ ló ń lọ. Ẹlẹ́ja kì í fẹ́ kí omi òun lọ sílẹ̀, torí náà dáàmù ẹja sábà máa ń kún dẹ́nu lásìkò tí òjò ń rọ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí òjò 100 milimítà bá rọ̀ sórí éékà kan, omi tó bọ́ sílẹ̀ á tó táńkà 10,000 lítà ní ogójì. Ká ní ilẹ̀ tí àgbàrá ẹ̀ ń ṣàn wá sínú dáàmù yín jẹ́ 150 éékà (ẹ lè fojú wò ó lórí Google Earth, ẹ tọ orí òkè tó yí i ká), táńkà 6,000 nìyẹn. Ilẹ̀ á mu nínú ẹ̀. Ká ní ó mu ìdajì, 3,000 ló ń bọ̀ wá bá yín, láàrin wákàtí mélòó kan. Tí ojú omi yín bá jẹ́ éékà mẹ́rin, tẹ́ ẹ sì ti jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ní mítà kan kí òjò tó dé, àyè táńkà 1,600 ti wà nílẹ̀. Ó ju ìdajì lọ. Lọ́jọ́ yẹn, dáàmù yín gba abúlé là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti kún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àyè yẹn ò sí.

Mo fẹ́ kí ẹ dáhùn èyí: níbo ni omi àpọ̀jù ń gbà jáde? Mi ò sọ ti páìpù o. Mò ń sọ ọ̀nà àgbàrá, èyí táwa ń pè ní spillway, tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lórí ilẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò kó yẹ̀pẹ̀ sí. Báwo ló ṣe fẹ̀ tó, báwo ló ṣe rẹlẹ̀ sí orí ògiri tó?

Màmá ẹlẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sórí ògiri. Ìdí dáàmù ló ń gbé orí ẹ̀ dúró. Ògiri yẹ̀pẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 15 gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní ìdí tó ìlọ́po márùn-ún gíga ẹ̀, ká má tíì ka ìbú orí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé orí ga láìfi kún ìdí, tí rólà ò sì tẹ̀ ẹ́, yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ lẹ kó lé e lórí. Omi tó bá wá lẹ̀ mọ́ ọn á wọ inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì yọ̀ lulẹ̀ pọ̀.

ÌyáẸlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Ẹnjiníà, mo gbọ́ ti ògiri o. Àmọ́ ẹni tó ti kó ọmọ ẹja sómi, tó ti ra oúnjẹ ẹja lówó tí wọ́n ń tà á báyìí, ẹ wá ní kó da mítà kan nù lójú omi ẹ̀. Ẹ rò ó dáadáa.

Ọmọ_Ìṣẹ́rì
Irọ́ ni pé dáàmù ń dín omíyalé kù jàre. Ìṣẹ́rì ni mò ń gbé. Tí wọ́n bá ti ṣí omi dáàmù Ọyán sílẹ̀ báyìí, àdúgbò wa ló máa ń wá bá. Ọdọọdún là ń kó ẹrù sórí tábìlì.

Ẹnjiníà_Omi
@Ọmọ_Ìṣẹ́rì mo bá yín kẹ́dùn. Ti Ọyán yàtọ̀ sí tèyí o. Ọyán ní géètì irin tí wọ́n ń fọwọ́ ṣí, omi tó lè gbà lé ní 200 mílíọ̀nù mítà onígun, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní River Basin ti Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń bójú tó o, àwọn ló ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa ṣí i. Tí wọn ò bá dín omi kù kí òjò tó le, ẹ̀rù ńlá lèyẹn fún gbogbo èèyàn tó wà nísàlẹ̀. Dáàmù ọmọ Ìwó yìí ò ní géètì, kò sẹ́ni tó máa ṣí nǹkan kan, omi fúnra ẹ̀ ló máa wá ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè bí ọ̀nà yẹn ṣe rí.

Rafiu_Agbẹ́lẹ̀
Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ gbà mí láyè kí n tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní tí dáàmù bá ti kún, kò láyè mọ́. Bó tiẹ̀ kún dé ojú ọ̀nà àgbàrá, omi gbọ́dọ̀ ga ju ojú yẹn lọ kó tó lè rọ́ jáde púpọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹsẹ̀ bàtà kan péré lórí éékà mẹ́rin, táńkà bíi 500 ló máa dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, á wá máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi tó ì bá dé abúlé lẹ́ẹ̀kan náà á pín ara ẹ̀ sí wákàtí mélòó kan. Mo ti rí i ní odò ẹja àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, odò tó wà lókè dáàmù ń hó yaya, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́.

Ẹnjiníà_Omi
Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún òjò kéékèèké àti òjò àárín. Tí òjò bá wá rọ̀ bíi ti 2011, ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn kì í hàn rárá, ohun tó wọlé náà ló ń jáde. Ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó fẹ̀ jáde, bí kò bá rí i, orí ògiri ló ń gùn.

ỌmọOko_Ìwó
Ẹ ṣé gan-an. Mo pe àbúrò bàbá mi láàárọ̀ yìí, èmi náà sì lọ wò ó. Ọ̀nà àgbàrá wà lápá ọ̀tún, bàbá ti fi katapílà gé e sínú ilẹ̀ líle, yangí ni. Nígbà yẹn ó fẹ̀ tó kí ọkọ̀ gbà á kọjá. Ní báyìí igbó ti bò ó, èyí tó ṣí sílẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Àbúrò bàbá mi fi wáyà nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ẹ̀ kí ẹja má baà sá lọ, ó sì to pátákó àti àpò iyanrìn sí ìdí nẹ́ẹ̀tì náà kí omi lè ga sí i. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ewé, igi ọparun àti ọ̀rá piọ́wọ́tà ti lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì yẹn gbágbá, ẹ ò lè fojú rí òdìkejì ẹ̀. Láti orí àpò iyanrìn yẹn dé orí ògiri kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Adé_Pittsburgh
Ọmọ Ìwó, lónìí yìí ni kẹ́ ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì yẹn. Kí n tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ yọ ọ́ ná.

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni mò ń gbé. Ìlú kan wà níbí tó ń jẹ́ Johnstown, kò jìnnà púpọ̀ sí wa, mo ti mú àwọn ọmọ mi débẹ̀. Lókè ìlú yẹn, dáàmù alámọ̀ kan wà lórí odò South Fork, ẹgbẹ́ àwọn olówó Pittsburgh ló ra á fún ìgbafẹ́ àti ẹja pípa, Andrew Carnegie wà nínú wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fi irin oníhò dí ojú ọ̀nà àgbàrá kí ẹja tí wọ́n rà má baà bọ́ lọ. Ẹni tó ni ín ṣáájú wọn ti hú páìpù ìsàlẹ̀ tà, wọn ò fi òmíràn sí i, torí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè dín omi kù. Wọ́n tún bu orí ògiri kúrò kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gbà á kọjá. 31 oṣù karùn-ún 1889, òjò rọ̀ mọ́jú, ewé àti igi dí irin yẹn pa, omi gorí ògiri, ògiri lọ. Èèyàn 2,209 ló kú. Wọ́n gbìyànjú láti yọ irin yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà o, pàǹtí tó wà lára ẹ̀ ò jẹ́ kó ṣeé yọ.

Páìpù tó ti bàjẹ́, nẹ́ẹ̀tì ẹja lójú ọ̀nà àgbàrá, orí ògiri tí kò ga ju omi lọ púpọ̀. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ní.

Ará_Apẹ̀tẹ̀
Háà. Ẹ wá rí i pé mi ò sọ àsọdùn.

Mwalimu_Ọ̀yọ́
Mo ṣiṣẹ́ ní Kenya fún ìgbà díẹ̀, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ti Solai ṣẹlẹ̀ lágbègbè Nakuru, 9 oṣù karùn-ún 2018. Dáàmù aládàáni inú oko ńlá ni, alámọ̀ ni, òjò ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Alẹ́ ni ògiri já, àwọn èèyàn ń palẹ̀ mọ́ láti sùn, ó lé ní ogójì èèyàn tó bá a lọ, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn. Ohun tó dun àwọn ará ibẹ̀ jù ni pé wọ́n ti ń ráhùn kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má fojú ọ̀tá wo Baálẹ̀ tó wá bá yín nílé, ẹ dúpẹ́ pé ó wá.

Ọdẹ_ÒkèÒgùn
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi ò kàwé púpọ̀ ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn ẹlẹ́ja ṣọ́ dáàmù rí ní Ṣakí. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan rìn lórí ògiri yẹn láàárọ̀ kùtù, kó mú àdá dání, kó gé koríko wálẹ̀ kó lè fojú rí ilẹ̀. Kó wá ihò òkété. Òkété fẹ́ràn ògiri dáàmù gan-an torí ó ga, omi kì í wọ̀ ọ́ níbẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ sì rọ̀. Ihò ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan, ó lójú mẹ́ta mẹ́rin, ó lè wọlé lápá ìsàlẹ̀ kó jáde nítòsí omi. Tí omi bá fi lè ga dé ojú ihò yẹn lọ́jọ́ kan, ó ti rí ọ̀nà. Akàn náà ń gbẹ́ lápá inú. Kẹ́ ẹ sì wo ọ̀gán, ikán ń jẹ inú ògiri di ahoro, ẹ ò ní mọ̀.

Bọ́láńlé_Ewéko
Ọ̀yà náà ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀yà ń gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ odò.

Ọdẹ_ÒkèÒgùn
Rárá o, ọ̀yà kì í gbẹ́ ihò ní tiẹ̀, inú koríko ló ń sùn. Tẹ́ ẹ bá bá a nínú ihò, ihò onílé ló yá. Òkété ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ihò ẹ̀, ẹ má kàn fi ẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ sí ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ tẹ̀ lé e débi tó parí sí, kẹ́ ẹ wá fi amọ̀ tútù dí i padà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa gún un bí ẹ ṣe ń dí i.

Kọ́lá_Bírkìlà
Ti ẹsẹ̀ ògiri tó ń rin yẹn, ẹ lọ da kọnkéré lé e. Ẹ po sìmẹ́ǹtì tó le, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí omi ti ń jáde, á gbẹ.

Ẹnjiníà_Omi
Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ o, Kọ́lá. Omi tó ti wọ inú ògiri gbọ́dọ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá dí i lápá abúlé, kò ní padà sẹ́yìn, á máa kó agbára jọ nínú ògiri títí tó fi máa tú ibòmíràn jáde, tàbí kí gbogbo ẹsẹ̀ ògiri rọ̀ kó yọ̀. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé a ó da iyanrìn mímọ́ lé ibẹ̀, a ó tún wá da òkúta gíránáìtì wẹ́wẹ́ lé iyanrìn yẹn. Omi á jáde, yẹ̀pẹ̀ ò ní bá a jáde.

Ọmọ Ìwó, ẹ mú ìgò omi tó mọ́ gaara lọ síbẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré síbi tó ń rin, ẹ jẹ́ kó ró, ẹ bu omi ẹ̀ sínú ìgò, ẹ gbé e síta. Tó bá mọ́ bíi omi kànga, a láyè díẹ̀. Jíjò omi lásán kì í ba dáàmù yẹ̀pẹ̀ jẹ́, kò sí èyí tí kì í jò díẹ̀. Tó bá dà bí ẹ̀kọ tí erùpẹ̀ sì sùn sí ìdí ìgò, ògiri ti ń jẹ ara ẹ̀ látinú nìyẹn, kẹ́ ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ sì má sùn nílé wọn lọ́jọ́ òjò.

Ẹ yẹ ẹnu páìpù irin yẹn wò dáadáa. Nínú àwọn dáàmù tó pẹ́ tí mo ti rí, ara páìpù ni omi sábà máa ń tọ̀ jáde, torí rólà kì í lè tẹ abẹ́ páìpù dáadáa nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ má sì fi ipá ṣí fáàfù tó ti dípẹtà yẹn lásìkò òjò, tó bá kán sí yín lọ́wọ́ kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tì í mọ́.

Bọ́láńlé_Ewéko
Ti igi ńkọ́? Mo rò pé gbòǹgbò igi máa ń di ilẹ̀ mú, òun ló dé tí wọ́n fi ń gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun.

Rafiu_Agbẹ́lẹ̀
Fún ọ̀gbun ni, kì í ṣe fún dáàmù. Gbòǹgbò máńgòrò ń wá omi, á gba inú ògiri kọjá lọ bá a. Tí igi yẹn bá kú, gbòǹgbò á jẹrà, á di páìpù. Tí ìjì bá sì wó o, á hú odidi ògiri dání. Ẹ hú gbogbo ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹnjiníà_Omi
Rafiu, ìdí tẹ́ ẹ sọ tọ́, àsìkò ẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Tẹ́ ẹ bá hú máńgòrò ńlá nígbà tí omi kún, kòtò tó máa fi sílẹ̀ lórí ògiri ju ewu igi yẹn lọ. Ní báyìí ẹ gé ẹ̀ka ẹ̀ kúrò kí ìjì má rí i mú. Tó bá di oṣù kìíní tí omi ti lọ sílẹ̀, ẹ hú u tìdítìdí, kẹ́ ẹ yọ gbòǹgbò tó bá tóbi, kẹ́ ẹ wá fi amọ̀ dí i ní ìpele ìpele, kí ìpele kan má ju ìka mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó da òmíràn. Mẹ̀láínà kéékèèké tí kò tíì tó ọwọ́ èèyàn, ẹ lè gé wọn báyìí. Koríko tó ń ràn nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó bo ògiri, kẹ́ ẹ máa gé e kúrú.

Lọ́yà_Òṣogbo
Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un torí mo rí i pé ẹnì kankan ò tíì mẹ́nu bà á. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ òyìnbó, Rylands àti Fletcher, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn dá a ní 1868. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan gbẹ́ adágún omi sórí ilẹ̀, omi yẹn wọ ihò àtijọ́ kan, ó ya wọ inú kòtò èédú aládùúgbò ẹ̀. Ọ̀gá yẹn ò mọ̀ pé ihò kankan wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kó mọ̀ tàbí kó má mọ̀, ẹni tó bá kó ohun tó lè ṣeni ní jàǹbá jọ sórí ilẹ̀ ẹ̀, tó sì bọ́ lọ, òun ló máa san án. Ìlànà yẹn wà nínú òfin tiwa náà, àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ti lò ó. Torí náà àbúrò bàbá ò lè sọ pé òjò Ọlọ́run ni, pàápàá nígbà tí Baálẹ̀ ti wá kìlọ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, tí pátákó àti àpò iyanrìn sì wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàrá.

Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà o. Tí wọ́n bá fi ṣọ́bìrì gé dáàmù onídàámù tí omi sì pa èèyàn, wọ́n á rojọ́ tó ju ti owó lọ.

Ẹnjiníà_Omi
Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó ní "ẹ gé e" gbọ́ èyí dáadáa. Gígé dáàmù tó kún lásìkò òjò ni ọ̀nà tó yá jù láti pa abúlé yẹn. Tẹ́ ẹ bá la ojú ìbú ẹsẹ̀ bàtà kan sórí yẹ̀pẹ̀ tí omi ń tì látẹ̀yìn, omi fúnra ẹ̀ ló máa gbẹ́ ìyókù, ẹsẹ̀ bàtà kan á di ogún kẹ́ ẹ tó sá kúrò níbẹ̀, gbogbo omi éékà mẹ́rin á dé mọ́ṣáláṣí yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ yọ dáàmù kúrò, á kọ́kọ́ fa omi ẹ̀ gbẹ, á dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, á wá gé e láti òkè wálẹ̀ tí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀.

Ará_Apẹ̀tẹ̀
Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì yí padà lórí ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Tí ẹbí ò bá lówó láti tún un ṣe dáadáa, kí wọ́n yọ ọ́. Dáàmù tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù.

ỌmọOko_Ìwó
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé púpọ̀. Ìgò omi yẹn mọ́ o, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú, kò sí erùpẹ̀ nídìí ẹ̀. Ihò òkété tá a rí kò mọ níwọ̀n, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé igi tí mo kì bọ̀ ọ́ gùn jù mí lọ kò sì kan ìparí. Àpò iyanrìn àti pátákó ti kúrò, àbúrò bàbá mi ò dùn sí i rárá, ṣùgbọ́n mo ka ti Johnstown yẹn sí i létí, ó dákẹ́. Omi ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó wá ń béèrè pé tá a bá yọ nẹ́ẹ̀tì tán, ta ló máa dá ẹja ẹ̀ dúró? Báwo la tún ṣe máa fa omi sílẹ̀ ní mítà kan láìfọwọ́ kan fáàfù yẹn?

ÌyáẸlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Ti ẹja mo lè dáhùn. Kó yọ nẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu ọ̀nà àgbàrá pátápátá. Tó bá fẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kó ta á sínú omi lọ́hùn-ún, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yẹn, kó yí i po bí ọrùn ẹ̀wù, kó gùn gan-an, kí orí ẹ̀ má ga ju omi lọ púpọ̀. Tí pàǹtí bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi á gorí ẹ̀ kọjá. Ẹja díẹ̀ á lọ, kó gbà pé ó lọ. Èyí tó bá ti tó tà, kó tà á nínú August break yìí kí omi tó tún kún, owó ẹ̀ á ran àtúnṣe lọ́wọ́. Àrọ̀ ni kó kọ́kọ́ kó, ẹpìyà á tún ara ẹ̀ bí.

Ẹnjiníà_Omi
Ti omi, ẹ lo páìpù rọ́bà ìṣì mẹ́fà, èyí tó nípọn, ẹ gbé e gba orí ògiri kọjá, orí kan nínú omi, orí kejì lápá ìsàlẹ̀ kó rẹlẹ̀ ju ojú omi lọ. Ẹ dí orí méjèèjì, ẹ ṣí ihò kan lókè, ẹ rọ omi kún un dẹ́nu, ẹ dí ihò òkè kó má fẹ́ atẹ́gùn, kẹ́ ẹ wá ṣí orí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Á máa fà á fúnra ẹ̀, kò gba epo kò gba iná. Ẹ to òkúta síbi tó ń dà sí kó má gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri. Kó má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lóòjọ́, tó bá yá jù, apá inú ògiri tó ti mu omi á já wálẹ̀. Ẹ lé ọ̀kan kún un tí kò bá yá tó. Mítà kan á gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyè sì wà títí August break fi máa parí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà títí òjò oṣù kẹwàá fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ojú ẹja wọ̀ yín lójú. Tí òjò bá tún gbé e ga, ẹ tún ṣí páìpù.

Ọ̀nà àgbàrá, ẹ ro igbó ibẹ̀ kó padà sí ìbú tí bàbá gé e sí. Mo fẹ́ rí ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà yẹn dé orí ògiri. Bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó gan-an, ìyẹn gba ìṣirò, mi ò lè fojú inú sọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí River Basin l'Abẹ́òkúta, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lábẹ́ wọn, kí wọ́n rán ẹnjiníà wá wò ó, tàbí kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá wá kí oṣù yìí tó parí, owó ọkọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ san.

Mwalimu_Ọ̀yọ́
Ẹ yan ẹnì kan nínú ọmọ abúlé yẹn o, kì í ṣe ọmọ ẹbí yín, kẹ́ ẹ máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù, kó máa wo omi tí òjò bá ti rọ̀. Ẹ fi ọ̀dà kun igi kan, kẹ́ ẹ rì í mọ́ inú omi, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, yẹ́lò láàrin, pupa lókè. Tí omi bá kan pupa, kó pe Baálẹ̀ kó tó pe yín.

ỌmọOko_Ìwó
A ó ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ní àwọn á gbé ṣọ́bìrì wá yẹn ni Baálẹ̀ ní ká gbà, torí ó mọ odò yẹn dáadáa. Ọjọ́ Sátidé la máa ro ọ̀nà àgbàrá, tẹbí tabúlé. Ẹnjiníà, mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín. Páìpù ìṣì mẹ́fà tí mo rí n'Íwó, èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ní, ṣé á gbà á àbí kí n lọ Ìbàdàn?

Ẹnjiníà_Omi
Ẹ lọ Ìbàdàn. Èyí tó fẹ́lẹ́ á fún pọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà.